Gáùn Kẹtàlá

Kò tíì ju aago méje àárọ̀ Sátidé lọ nígbà tí Àlàájì Mùstàfá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀ l'Ágbowó. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilé jí, ó wá rántí pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí òun bá wá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àdìó! Ṣílẹ̀kùn. Ẹ fẹ́ tì mí mọ́lé lọ́jọ́ ogbó mi, àbí?"

Ràṣídátù, ìyàwó Àdìó, ló ṣílẹ̀kùn. Ògì tó ń rò lórí sítóòfù ṣì lẹ̀ mọ́ omorogùn tó mú dání. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Nǹkan ń bẹ. Níbo ni ọmọ rẹ wà?"

Muslimah ni ọmọ tó ń wí. Ọmọ ogún ọdún ni, ó sì ti lo oṣù mẹ́wàá nídìí títa aṣọ ní bùtíìkì kan ní Bódìjà. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó wọlé láìmú fóònù bọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì sùn láìjẹun. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ibà ni. Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Àlàájì wọlé, ó jókòó sórí àga tí Àdìó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn tútù bíi ti ẹni tó ń pe oníbàárà ní báńkì.

"Ẹ káàárọ̀ Àlàájì. Jẹ́jẹ́lọlá ni o, ọ̀gá Muslimah. Gáùn aláwọ̀ ewé kan ti dàwátì níbi tí ọmọ yín ń bójú tó. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà la ń tà á, Tọ́kì ló ti wá. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé oníduúró, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ pè yín. Títí aago mẹ́rin òní, kí gáùn wọlé, tàbí kí owó rẹ̀ wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á di ti tẹ́ṣàn, orúkọ yín ni mo sì máa kọ́kọ́ fún wọn. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ kú ìsinmi o."

"'Ẹ kú ìsinmi o,'" ni Àlàájì fi sín in jẹ. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó ní Sẹkitéríàtì, ẹnikẹ́ni ò fi ọlọ́pàá pè mí rí. Ó ku oṣù márùn-ún kí n fẹ̀yìn tì."

Bí ọ̀rọ̀ oníduúró ṣe rí nìyí. Bùtíìkì tó bá lórúkọ ní Bódìjà kì í gba ọmọ síṣẹ́ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan fọwọ́ sí ìwé, tó lẹ fọ́tò mọ́ ọn, pé bí ọjà bá sọnù, òun ni kí wọ́n mú. Ọmọ ló ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń fi ọrùn sílẹ̀. Ẹni tó lọjà kò nílò láti mọ ẹni tó jalè. Ó tó fún un kó mọ ẹni tí yóò sanwó.

Muslimah jáde láti yàrá, ó ti fi híjáàbù borí.

"Dádì Sẹkitéríàtì, ẹ káàárọ̀ sà." Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ẹbí ṣe ń pè é. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àǹtí Jẹ́jẹ́lọlá fúnra wọn ló ní kí n..."

"Panu mọ́!" Àdìó ló jágbe bẹ́ẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Àdìó. Fíríìjì ló ń tún ṣe, kì í sì í pariwo mọ́ fíríìjì pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin bá ń wòye, ó ní bí bàbá ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. "Gáùn ni kí o gbé sílẹ̀, kì í ṣe àlàyé!"

"Mi ò mú gáùn kankan, Bàbá."

Àlàájì gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

"Ẹ̀ẹ̀kan wo, Dádì? Ìgbà wo ni mo..."

"Ó tún ń fèsì! Ẹ wo ojú rẹ̀. Àdìó, wo ojú ọmọ tí o bí."

Muslimah wo ojú ìyá rẹ̀ dípò. Ṣùgbọ́n fóònù ni ìyá rẹ̀ ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí àwòrán yẹn dáadáa." Ràṣídátù fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, bí ó ṣe máa ń fi ìka fẹ ojú aṣọ kó tó gé e. Apá gáùn náà ní pílíìtì mẹ́fà mẹ́fà, gbogbo wọn kọjú sẹ́yìn. Ìyẹn kò jọ ọ́ lójú, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣe é. Ó wá fa àwòrán kejì wá, èyí tó fi ẹ̀yìn hàn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Òun fúnra rẹ̀ ló ronú gbé ẹ̀yìn yẹn kalẹ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Jóṣúà, ọkùnrin tó máa ń gbé iṣẹ́ wá fún un láti Dùgbẹ̀, gbé ìdì aṣọ kírépù aláwọ̀ ewé kan wá, ó sì fi àwòrán gáùn kan hàn án. Ó ní kó rán méjìlá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú nìkan ni àwòrán náà ní. "Ẹ sáà ṣe ẹ̀yìn tó bá wù yín, Màmá," ni Jóṣúà wí. "Èkó ni mò ń kó o lọ, ta ló máa bi yín?" Ràṣídátù rò ó fún ọjọ́ méjì. Bí síìpù bá gba àárín ẹ̀yìn, kírépù yóò máa kákò níbi ìdí, nítorí pé síìpù le, aṣọ sì rọ̀. Ó gbé síìpù lọ sí ẹ̀gbẹ́, abẹ́ apá. Ó wá fi ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́yìn, tí ọ̀kan gba inú ihò ara èkejì kọjá, kí ẹni tó sanra àti ẹni tó rù lè fà á bó ṣe bá wọn mu. Nígbà tó parí àkọ́kọ́, ó pe Muslimah kó wá wò ó, ó fà á, ó tú u, ó tún fà á. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo rán gáùn yìí," ni Ràṣídátù wí.

Àdìó yíjú sí i.

"Ìyá Muslimah," ni Àdìó wí, "má tún dá kún un. Ó ní Tọ́kì."

"Tọ́kì wo? Ìgbànú mi nìyí. Jóṣúà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Muslimah, ìwọ kọ́ ni mo fi hàn?"

Muslimah ń wo ilẹ̀.

Àlàájì ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹn-ẹ́n. Ìyá ló rán an. Ọmọ rí i níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án, ó mọ̀ pé ti ìyá òun ni. Ó ní, ta ló tó gbé e ju èmi lọ?" Ó mirí. "Má sọ ọ́ lójú ẹlòmíràn, Ràṣídátù. Bí o bá sọ ọ́, o ti bá wọn dì í lókùn."

Ràṣídátù fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ ibi kan nínú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ yìí kò sọ fún òun pé gáùn òun wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn? Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ojoojúmọ́ ló ń wọlé, tó ń ní "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," tó ń kọjá lọ.

"Lọ ra èédú wá," ló wí fún Muslimah. "Bọ́rọ̀ tilẹ̀ burú, a ṣì máa nílò áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ti mú iná lọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́..."

"Lọ ra èédú."

Nígbà tí ọmọ jáde, Ràṣídátù wọ yàrá. Ó gbọn báàgì rẹ̀ sórí ibùsùn: kóòmù, tùràrí kékeré, ìwé owó ọkọ̀, páádì. Ó gbé ìrọ̀rí. Ó ti ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù títí dé ìgúnpá, ó ń wá ohun tó ń bẹ̀ Ọlọ́run pé kó má rí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Muslimah padà dé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá èédú lọ́wọ́.

Muslimah gbé èédú sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì, kóòmù lákọ̀ọ́kọ́.

Ní pálọ̀, Ràṣídátù fa àpò kan jáde láti abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú u sórí ilẹ̀. Kírépù aláwọ̀ ewé ni, gígùn rẹ̀ tó yáàdì méjì àti díẹ̀, pẹ̀lú oríṣiríṣi ègé.

"Bọ̀ọ̀dá, mo lè rán òmíràn. Kó tó di aago mẹ́rin."

Àlàájì tẹjú mọ́ aṣọ náà. "Aṣọ ta nìyẹn?"

"Èékù ni."

"Èékù tó tó gáùn?"

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà, inú rẹ̀ sì dùn láti sọ ọ́, àní lọ́jọ́ bí òní. Aránṣọ tí kò fara balẹ̀ á to gbogbo pátánì rẹ̀ sí apá kan, orí sókè, ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo ni gáùn jọ: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó tín-ín-rín lókè. Bí a bá yí ọ̀kan po, tí orí èyí wọ àárín ẹsẹ̀ ìyẹn, aṣọ á ṣẹ́ kù. Kírépù kò ní irun tó dorí kodò bíi ti àrán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a yí i. Lórí gáùn méjìlá, ohun tó ṣẹ́ kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan.

"Nítorí náà, ìwọ náà ń yọ lára aṣọ ẹni ẹlẹ́ni," ni Àlàájì wí. "Ìyá ń yọ, ọmọ ń kó."

"Bọ̀ọ̀dá, ti aránṣọ ni èékù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa. Jóṣúà náà mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó rán an, Bọ̀ọ̀dá," ni Àdìó wí. "Kí a sáà rí nǹkan gbé fún wọn."

Ó rán an. Ó tẹ́ pátánì tó fi bébà sìmẹ́ǹtì gé sórí aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ ọ́. Kò tó fún inú ọrùn, ó bá fi ègé mẹ́ta so mọ́ra níbi tí ojú kò lè dé. Ẹ̀rọ wíífù, èyí tí wọ́n fi ń di etí aṣọ, iná ló ń lò, iná kò sì sí. Ó ronú díẹ̀, ó wá ṣẹ́ gbogbo etí aṣọ wọnú ara wọn, ó rán ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n inú aṣọ mọ́ ju ti méjìlá ìṣáájú lọ. Ó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, igi ẹ̀rọ ń dún kíkan kíkan.

Muslimah ń fẹ́ èédú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá dúró tì í nígbà kan. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀..."

"Tọwọ́ bọ omi, kí o wọ́n ọn sí pílíìtì yẹn kí o tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Fà á, má tẹ̀ ẹ́." Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ̀ lẹ́nu ọmọ ni iṣẹ́ ń bọ̀ lẹ́nu ìyá. Ẹ̀rù ló ń ba Ràṣídátù. Bí ó bá gbọ́ ọ pé ọmọ òun ló gbé e, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo, ẹ̀rọ á dúró. Ó sàn kó má gbọ́ títí gáùn á fi parí.

Ìyá Ìṣọ́raolúwa, aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọjú lójú fèrèsé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Muslimah. Mo gbọ́ ohùn Àlàájì láàárọ̀, mo ní ṣé kò sí o?"

"Kò sí o, Ìyá Ìṣọ́ra. Wọ́n wá kí wa ni."

"Wọ́n kí yín tagbáratagbára." Ó na ọrùn wọlé. "Háà, gáùn yìí mà dáa o! Ta ló ni ín? Mo rò pé Muslimah máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Mo ní kí n bèèrè ni. Àwọn ọmọ bùtíìkì yìí, ojú wọn máa ń rí nǹkan. Kí ènìyàn máa fọwọ́ kan ohun tí owó oṣù rẹ̀ kò lè rà láàárọ̀ àti lálẹ́..."

"Àtẹ́gùn ni mò ń gbà lójú fèrèsé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìṣọ́ra."

"Àbí? Òótọ́ ni. Ooru mú." Ó kúrò, ṣùgbọ́n ohùn sílípáàsì rẹ̀ kò jìnnà.

Ògì àárọ̀ ti di, awọ ti bò ó lójú. Kò sẹ́ni tó mu ún. Ní ọ̀sán, Àdìó ra búrẹ́dì àti àkàrà wá, ó pín in sí mẹ́rin, ó gbé ti Muslimah fún un láìwo ojú rẹ̀. Muslimah gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí epo fi jáde lára bébà. Àlàájì jẹ tirẹ̀ tán, ó wo aago, ó jẹ ti Muslimah náà.

Ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ìyá àti ọmọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Bódìjà. Gáùn wà nínú ọ̀rá funfun lórí itan Ràṣídátù, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó gbé ọmọ ìkókó.

Gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀ ni iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òórùn inú rẹ̀ dà bí òórùn ìwé tuntun. Àwọn aṣọ kò pọ̀. Ràṣídátù kíyè sí ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: wọ́n fi àlàfo ọwọ́ kan sáàárín aṣọ kan àti èkejì, bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sinmi. Òǹrajà méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ń wọ bàtà wò. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hamidah, tí òun àti Muslimah jọ ń tajà, wolẹ̀ nígbà tó rí wọn.

Jẹ́jẹ́lọlá jáde sí wọn. Kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ó rọra kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Ràṣídátù. "Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú ọ̀nà."

Ràṣídátù yọ gáùn, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà.

Jẹ́jẹ́lọlá wò ó. Ó fọwọ́ kan pílíìtì. Ó yí ọrùn rẹ̀ síta, ó wá àmì tí wọ́n máa ń rán síbẹ̀, àmì orúkọ àti ìlú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ti tú àmì rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n àwọn òǹrajà méjèèjì gbọ́. "Ilé yín ló wà láti ọjọ́ yìí. Muslimah! Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ṣe fún ẹ?"

"Kò fìgbà kan ní àmì rí, ọmọ mi," ni Ràṣídátù wí. "Aago méjì ọ̀sán òní ni mo parí rẹ̀. Èmi ni mo rán an."

Jẹ́jẹ́lọlá rẹ́rìn-ín. "Màmá, Tọ́kì ni gáùn yìí ti wá."

Ràṣídátù kò bá a jà. Ó rìn lọ síbi tí mẹ́ta irú rẹ̀ rọ̀ sí, ó mú ọ̀kan kúrò lórí háńgà, ó yí i síta, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ka bí olùkọ́. "Síìpù lábẹ́ apá, nítorí pé ẹ̀yìn kì í gbà á. Wo ìgbànú: ihò yìí, mo kọ́kọ́ gé e kéré, mo wá gé e gùn sí i. Méjèèjì gùn bákan náà. Ṣùgbọ́n wo etí wọn. Tiyín, wíífù ni mo fi dì í. Kò sí iná lónìí, nítorí náà mo ṣẹ́ ti èyí wọnú ara. Èyí kì í ṣe èyí tó sọnù. Ẹni tó bá ní òun ni, kó fi wíífù hàn mí."

Obìnrin tó ń wọ bàtà wò ti sún mọ́ wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ẹ dákun," ló wí, "èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ìyẹn náà kì í ṣe Tọ́kì?"

"Ẹ má dá Màmá lóhùn, mà, wọ́n ń ṣeré ni," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. Ó ti gbá Ràṣídátù lápá mú, ó rọra mú un bí ọmọ rere. "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì náà kò ju ibi ìkẹ́rù lọ. Lórí tábìlì, àmì ọrùn aṣọ wà ní kíká bíi téèpù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn tí wọn kò tíì gé sọ́tọ̀, ISTANBUL, ISTANBUL, ISTANBUL, pẹ̀lú òwú wúrà. Ràṣídátù kò lè ṣàì gbé e, kó wo bí wọ́n ṣe hun ún. Iṣẹ́ náà mọ́.

"Bí mo bá kọ Ágbowó síbẹ̀, ta ló máa rà á?" ni Jẹ́jẹ́lọlá wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì rẹ̀ ẹ́. "Mo gbìyànjú rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́rin, ẹyọ méjì ni mo tà. Àwọn kan náà tó kọ̀ ọ́ ló ń rà á báyìí. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, Màmá. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀."

"Èmi ò bá àmì wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá wá."

"Ó ti parí. Gáùn ti wọlé, mi ò ní lọ sí tẹ́ṣàn, màá pe Àlàájì báyìí. Iṣẹ́ tí Jóṣúà ń gbé wá fún yín náà á máa lọ, mi ò ní sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ tú àṣírí. Ẹ kàn má tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ mọ́ níta." Ó ti ń kọ nǹkan sórí bébà kan. "Kí Muslimah fọwọ́ sí èyí, kí n lè pa fáìlì rẹ̀ dé. Fóònù rẹ̀ nìyí."

Muslimah gba bébà, ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Màmá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀..."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago ara ògiri lu mẹ́rin. Ràṣídátù rí Àlàájì nínú ọkàn rẹ̀, lórí àga Àdìó, tó ń wo aago ọwọ́. "Fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Ká máa lọ."

Muslimah wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i.

"Ní ti iṣẹ́," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí bó ṣe ń ṣẹ́ bébà náà sí méjì, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè gbà á padà mọ́. Lẹ́yìn irú èyí." Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, Hamidah ti gbé gáùn kẹtàlá rọ̀ sórí háńgà, pẹ̀lú àlàfo ọwọ́ kan lọ́tùn-ún àti lósì.

Inú kẹ̀kẹ́, Ràṣídátù mí kanlẹ̀. "Alhamdulillah. Ó ti tán."

"Ẹ ò bi mí," ni Muslimah wí.

"Kí ni?"

"Láti àárọ̀. Ẹnì kan nínú yín kò bi mí pé, ṣé o mú un. Ẹ kàn jókòó sídìí ẹ̀rọ." Kò sunkún. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye aṣọ. "Àǹtí ló ní kí n fi gáùn yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, sí ẹni tó ń wọ aṣọ ya fọ́tò fún wọn. Ọlọ́kadà ló gbé e. Bí wọ́n bá dá a padà, ó padà. Bí wọn kò bá dá a padà, á sọnù lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa. Lóṣù tó kọjá, Nabeelah tí a jọ ń tajà ni. Bàbá rẹ̀ ta ọ̀kadà kó tó lè san owó náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Àǹtí fi sọ ọ́ wà lórí fóònù mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á."

Ó tan fóònù, ó nà án sí ìyá rẹ̀. Lábẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́.

Ràṣídátù wò ó títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn.

"Kí ni wọ́n kọ sí bébà yẹn?"

"Pé mo dá gáùn tó sọnù lọ́wọ́ mi padà."

Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá ní iwájú Yunifásítì pẹ̀lú ọ̀rá gààrí àti ìwé. Ràṣídátù gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá. "O mọ̀ pé gáùn mi ni wọ́n ń tà. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Iye tí wọ́n ń tà á ni mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Wọ́n bá Àlàájì ní àgbàlá, ó ti wọ bàtà, inú rẹ̀ dùn. Jẹ́jẹ́lọlá ti pè é. "Alhamdulillahi!" ló ń wí tohùntohùn, ó gbàgbé pé láàárọ̀ òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. "Wọ́n ti dá a padà! Ọlọ́run ti bo àṣírí. Muslimah, jẹ́ kí èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹ." Àdìó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ojú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn ará ilé ń gbọ́, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́. Ìyá Ìṣọ́raolúwa ń ṣa ẹ̀wà nínú ọpọ́n.

Ràṣídátù dúró sáàárín àgbàlá. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ ọ́. Iṣẹ́ Jóṣúà wà nínú ìlérí náà, gbogbo oúnjẹ ilé sì wà nínú iṣẹ́ Jóṣúà. Muslimah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé!" ni Ràṣídátù wí. "Ọmọ mi kò jalè. A ò dá nǹkan kan padà. Èmi ni mo rán gáùn yẹn láàárọ̀ òní, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ mi. Ìyá Ìṣọ́ra, ẹ rí i lójú fèrèsé."

"Mo rí i, Ìyá Muslimah," ni Ìyá Ìṣọ́raolúwa wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gáùn náà dáa. Ìyá ni yín, ẹ gbìyànjú. Ọmọ wa ni, kò sẹ́ni tó bímọ tí kò ní bò ó."

Ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ síbi okùn tí gbogbo ilé ń sá aṣọ sí. Ó tú àwọn aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: sòkòtò ọkọ rẹ̀, bùláòsì funfun, ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ọmọ rẹ̀. Ó kó wọn mọ́ àyà, ó kọjá níwájú Muslimah, ó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó wọlé. Aṣọ náà kò tíì gbẹ. Omi ń kán lára wọn títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.